Kí Lẹ Rù?

Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo fi dúró lẹ́nu afárá yìí
nínú aṣọ ìjọba, tí mò ń béèrè ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo:
"Kí lẹ rù? Kí lẹ fẹ́ jẹ́wọ́?"
Wọ́n jẹ́wọ́ wàrà, wọ́n jẹ́wọ́ ọtí.
Ọkùnrin kan jẹ́wọ́ eérú ìyá rẹ̀ nínú agolo bisikíìtì.
Mo ní kó máa lọ.

Odò tó là wá láàárín kò fẹ̀ tó nǹkan.
Bí omi bá fà, ọmọdé á ju òkúta
láti Kálẹ́ẹ̀sì tiwa dé Sẹ́ńtì Sítífìn tiwọn.
Wọn a se ṣokoléètì lọ́hùn-ún, àwa a gbóòórùn.
Aago wọn fi wákàtí kan ṣáájú tiwa;
a máa ń fi ṣẹ̀fẹ̀ pé òdìkejì ni ọ̀la ń gbé.

Hollis ọkọ mi lo ayé rẹ̀ ní iléeṣẹ́ bébà.
Ìtọ̀ ṣúgà ti gba ọmọ ìka ẹsẹ̀ méjì lọ́wọ́ rẹ̀.
Lóru ọjọ́ kan mo bá a níwájú fìríìjì,
iná fìríìjì nìkan ló tàn sí i lójú.
"Ìdajì ni mò ń gún báyìí," ló wí,
bí ẹni ń sọ pé òun ti dín sìgá kù.

Ìgò insulíìnì, kò ga ju àtàǹpàkò mi lọ:
ọ̀ọ́dúnrún dọ́là ní àdúgbò wa.
Mo fi ẹsẹ̀ rin afárá. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ.
Odette gbé e sórí káńtà: márùndínlógójì.
Iléeṣẹ́ kan náà ló ṣe é. Ìdérí kan náà.

Mo ní, "Odette, kí ló dé?"
Ó yọ awò ojú, ó ń nù ún.
"Lorna, ṣé o ti ná ọjà rí?
Ẹ̀yìn nìkan ni ohun ìjà ẹni tó ń nájà:
kó kẹ̀yìn sí i, kó máa lọ,
kí ọlọ́jà sáré pè é, 'Ẹ wá, ẹ mú owó wá.'
Hollis ò lè kẹ̀yìn sí ìgò yìí.
Bó bá ń lọ, ibo ló ń lọ?
Níbí, ìjọba ló bá wọn jókòó.
Bí iye náà ò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn,
odidi orílẹ̀-èdè ló ń dìde, tó ń mú fìlà."

Tiwa ńkọ́? Tiwa, olúkúlùkù ló ń dá ná tirẹ̀.
Láàárín iléeṣẹ́ àti Hollis, alárinà mẹ́ta;
ẹnìkọ̀ọ̀kan fẹ́ ẹ̀dínwó tirẹ̀ lábẹ́ tábìlì,
ni wọ́n bá gbé owó sókè
kí wọ́n lè ríbi dín in dé.
Ẹni tí kò ní káàdì adójútòfò
ló ń san iye tí ẹnikẹ́ni ò rò pé èèyàn á san.

Wọ́n ní owó wa ló ń wá oògùn tuntun fún gbogbo ayé.
Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀.
Kò sẹ́ni tó bi ìka ẹsẹ̀ Hollis bóyá ó fẹ́ dáwó.

Odette ò yọ̀ mí. Bó ṣe ń di yìnyín mọ́ ìgò náà,
ó rẹ ohùn sílẹ̀: "Bí gbogbo yín bá dà wá síbí,
kí ló máa kù fún àwọn tèmi?"
N kò ní èsì. Mo sanwó.

Tristan ló wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí mo padà dé.
Èmi ni mo kọ́ ọ níṣẹ́: má wo ojú, ọwọ́ ni kó o wò.
Ó wo ọwọ́ mi lára kúlà.
"Mọ̀mọ́ Lorna, kí lẹ rù? Oúnjẹ ọ̀sán ni, àbí?"
Ó ti ṣílẹ̀kùn irọ́ fún mi, ó dì í mú.

"Insulíìnì ni. Ti oṣù mẹ́ta.
Kọ ọ́ sílẹ̀ bó bá wù ọ́."

Bírò rẹ̀ ò kúrò lójú kan. Ọkọ̀ agbégi ń fọn fèrè lẹ́yìn mi.
Ó wo odò, ó wo kámẹ́rà, ó wá tẹ orí sún mọ́ fèrèsé:
"Ẹ jọ̀ọ́, Mà, èyí tí wọ́n ń fín sẹ́nu,
ti ọmọ tí èémí ń há,
èló ni wọ́n ń tà á lọ́hùn-ún?"